Orúkọ tí Dókítà Àjọkẹ́ fi pamọ́ sínú orin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìṣirò ló pa mí lẹ́kún lónìí.

Dókítà Àjọkẹ́ ló ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ akọrin wa ní àdúgbò Tákíè. Yunifásítì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí wọn dá lórí bí ohùn ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, àti bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú nọ́ńbà.

Orin tuntun tí wọ́n gbé wá lónìí ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn tí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Láwuyì tó ń kọ ohùn báàsì ò gbà.

"Dókítà, ẹ má bínú. Orin yìí kàn ń fò sókè sódò ni."

"Ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, sà. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró fún lẹ́tà kan."

Wọ́n bá ń kọ lẹ́tà náà sójú pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: MORẸ́NIKẸ́. Ìyàwó Bàbá nìyẹn, tó ń bá wa kọrin títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá.

Bàbá gbójú kúrò lára pátákó náà, wọ́n kọjú sí wa.

"Ẹ jẹ́ ká tún orin náà kọ," ni wọ́n wí.

Ohùn wọn ò gbọ̀n rárá. Àwa tó kù la ò lè kọrin mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, orúkọ ta lẹ máa fi pamọ́ sínú orin?