Ata Alámì Tí Mo Lù Ní Gbàǹjo

Náírà mẹ́ta ni wọ́n ń ta agolo aṣáà kékeré kan lọ́jà Mushin nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ló kan aṣáà nínú ìtàn ata. Ẹ fara balẹ̀. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ rò fún yín, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi!

Ìgbà SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó. Nǹkan le. Àwọn ará Sùúrùlérè tí kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ata sẹ́yìnkùlé. Èmi náà ní ó dáa, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú un hù, yóò rà á. Mo ṣa agolo mílíìkì jọ, mo lu ihò sí wọn nídìí, mo gbin ata sínú wọn, mo tò wọ́n sẹ́bàá títì. Bí ata bá ti yọ ewé mẹ́fà, ẹ sanwó, ẹ gbé e tàgolo-tàgolo.

Bàbá Rámọ́, tó ń ta òdòdó ní òdìkejì títì, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé agolo tí àwọn èèyàn ti jù nù ni mò ń tà padà fún wọn. Èmi a ní kó jókòó ti òdòdó ẹ̀. Ṣé wọ́n ń fi òdòdó se ọbẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ kan ni Mádáàmù kan dé, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìwé kan ní Yábàá. Ó ní òun fẹ́ àádọ́jọ agolo ata fún oko ilé ìwé wọn, náírà mẹ́rin-mẹ́rin, òun á sì padà wá kó wọn tí oṣù méjì bá pé. Ó ní bí ata náà bá dáa, ọ̀dọ̀ mi làwọn á máa rà ní gbogbo táàmù. Háà! Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń wo páànù tí n ó fi bo orí ìsọ̀ mi, nítorí òòrùn Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí jinná.

Ọgọ́jọ agolo ni mo gbìn, kí díẹ̀ lè lé bí òmíràn bá kú, oríṣi irúgbìn méjì ni mo sì lò. Ìdajì jẹ́ ti ìyá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n fi sókè àjà kó gbẹ. Ìdajì yòókù, inú bébà olóyìnbó ni mo ti rà á. Àwòrán ata tó wà lára bébà yẹn pupa tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣe mí bíi kí n jẹ bébà náà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ewé ata Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì. Àmì kéékèèké, ó pọ́n, ó gbẹ, bí ẹni pé ẹnì kan fi iná sìgá tọ́ ọ. Ata inú bébà ńkọ́? Ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun!

Kí lẹ̀yin náà ì bá rò? Bí tòmátò kan bá ti lámì nínú apẹ̀rẹ̀, ṣebí ńṣe là ń tètè yọ ọ́ kó tó ba ìyókù jẹ́? Bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa lọ́jà nìyẹn. Ni mo bá ṣa gbogbo ata alámì sọ́tọ̀, ọgọ́rin agolo, mo lu gbàǹjo lé wọn lórí, àádọ́ta kọ́bọ̀ péré lẹ́yọ kan. Ta ló wá kó gbogbo ẹ̀? Bàbá Rámọ́ ni. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ wá wo ẹni tó fowó ra àìsàn o!"

Kò bínú. Ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ẹni tó ra ewúrẹ́ tó ń tiro, ṣé ẹsẹ̀ ló rà ni àbí ẹran?"

Mo wá gbájú mọ́ àwọn tó ń dán. Láràárọ̀, bí mo ti ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀, n ó fín aṣáà mi, n ó sín, n ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, n ó wá máa já ewé ìsàlẹ̀ kúrò lára ata lọ́kọ̀ọ̀kan, láti agolo dé agolo. Mo ń kẹ́ wọn bí ọmọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ewé wọn fi ń pọ́n lápá kan, tó ń ṣe yẹ́lò lápá kejì. Ó ká kò bí etí arúgbó. Kò dàgbà mọ́. Gbogbo wọn pátá! Ta ló ṣe é? Bàbá Rámọ́ náà ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Mo ní ó ti wá da omi ọṣẹ sí wọn nídìí láàárọ̀ kùtù. Mo fi gèlè di ìbàdí, mo sọdá títì, mo sì bẹ̀rẹ̀ èpè láti orí baba ńlá ẹ̀. Ọkùnrin yìí kàn nawọ́ sí ata tó rà lọ́wọ́ mi. Àwọn ewé alámì ti rẹ̀ dànù, ewé tuntun ti yọ, ó tutù yọ̀yọ̀! Inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Orí èpè yẹn ni mo wà tí Mádáàmù fi dé. Ó wo tèmi, ó wo ti Bàbá Rámọ́, ó bi mí bó ṣe jẹ́. Mo rò ó fún un. Ó mirí. Ó ní ata alámì yẹn ò ṣàìsàn tó bí mo ṣe rò, ìjà ló ń jà.

Ó ní igi ò lè sá, kò sì ní dókítà. Ibi tí àrùn bá ti wọlé sí i lára, ńṣe ló máa ń pa ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àrùn má baà rí ọ̀nà gbà kọjá, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń sun koríko yí oko ká kí iná ọdẹ má baà wọ̀ ọ́. Ó ní nǹkan kan wà nínú omi ara rẹ̀ tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún un, tó ń kéde fún ewé yòókù pé ọ̀tá ti dé, kí wọ́n múra. Ó ní mọ̀lẹ́bí asipirín tí à ń lò sórí fífọ́ ni.

Mo ní, "Mádáàmù, ata ń lo asipirín? Níbo lorí ẹ̀ wà tó ń fọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ata ló ń ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ra ti kẹ́míìsì. Ó ní ata Ògbómọ̀ṣọ́ tètè dá ọ̀tá mọ̀. Ata inú bébà ò tiẹ̀ mọ̀ pé àlejò wọlé, kò pa ibì kankan lára ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dán, tí àrùn fi ráyè gba gbogbo ara ẹ̀.

Mo bi í pé níbo ni àrùn ọ̀hún ti wá. Ó wo agolo aṣáà tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa ń fín aṣáà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ata?" Ó ní tábà ni wọ́n lọ̀ di aṣáà, àrùn tábà, tó tún máa ń mú ata, kì í sì í kú bí wọ́n bá sá a, bí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Ó jọ pé ọwọ́ mi ló ń pín in kiri.

Bàbá Rámọ́ ká ọwọ́ gbera. Ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èpè yẹn ṣẹ́, mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀ dáadáa."

Ojú mi báyìí ni Mádáàmù ṣe ka náírà mẹ́rin-mẹ́rin fún un lórí ọgọ́rin agolo. Mo pariwo pé ata mi ni, ata ìyá mi! Bàbá Rámọ́ bi mí pé ṣé òun jí i ni, ṣebí èmi ni mo pe gbàǹjo títí ohùn mi fi há.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó lámì ló ti bàjẹ́. Òmíràn wà, ojú ọgbẹ́ ìjà tó ti jà ló fi ń hàn yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kẹ́ ẹ tó lu nǹkan ní gbàǹjo. Èmi ò fi aṣáà sílẹ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má parọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ń fọṣẹ fọwọ́ kí n tó súnmọ́ ata. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti fọwọ́ ara yín gbé fún ẹni tí ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ sọ tiyín kí n gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ́ èpè fún aláìṣẹ̀. Báwo lẹ ṣe bẹ̀ ẹ́? Èmi ò tíì bẹ Bàbá Rámọ́, kò sì jọ pé n ó bẹ̀ ẹ́, nítorí èrè tó jẹ lórí orí kunkun mi lọ́jọ́ yẹn, igba náírà ó lé ọgọ́rin.