Wọléwọlé Iná Tí Wọ́n Lù Nítorí Mi

Ó dìgbà kan ná o, Bàbá Fúnmi, ọmọ Ọbòkun tí ó ti Iléṣà wá jìyà òtítọ́ ní Òṣogbo. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìbánikẹ́dùn yìí pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni yín. Irọ́ ni. Ẹ le, ẹ kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé láti aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, ilé kankan kò gbọdọ̀ lo áyọ́ọ̀nù tàbí sítóòfù oníná. Àsìkò yẹn ni gbogbo ilé ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, tí tíránsífọ́mà á bú gbàmù, tí àwọn aláboyún á máa rọbí nínú òkùnkùn. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ máa wọ ilé wò. Ẹ já wáyà olówó, ẹ já ti tálákà. Ẹ já ti ẹ̀gbọ́n mi, ó sì sọ yín ní òkò. Ọ̀rọ̀ yín ni pé, "Ẹni tó bá fa iná jù, ọmọ ẹlòmíràn ló ń pa."

Ní alẹ́ Sátidé tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la, tíránsífọ́mà tún bú. Aládùúgbò kan ti yọjú lójú fèrèsé wa, ó ti rí áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná. Àwọn ará àdúgbò wọ́ yín jáde. Wọ́n fi ọmọ odó ṣẹ́ apá ọ̀tún yín, wọ́n fi bàtà tẹ ojú yín títí ti òsì fi fọ́. Wọ́n bi yín pé ta ló lọ aṣọ.

Ẹ ní, "Èmi ni. Ẹ já wáyà mi."

Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni. Agbádá ìkórè yín ni mo ń lọ̀. Mo rò ó pé ta ni yóò wá wọ ilé wọléwọlé wò? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo gbọ́ nígbà tí egungun yín ṣẹ́, n kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹ kò bi mí léèrè rí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń de bọ́tìnì yín, nítorí apá náà kò ká mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ lù ú, tí ẹ wá jókòó síbi òkú rẹ̀ lónìí, inú ń bí mi sí yín. Ó ń bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olówó orí mi, mo gba ẹ̀bi mi padà lọ́wọ́ yín, lójú gbogbo wọn. Ẹ sùn re o.