Orúkọ Tí Fèyí Sọ Ajá Ìbídùnní

Lọ́dún 1987, àwọn olè Gwagwalada kì í dúró de òru mọ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ tiwọn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Garki àti Wuse. Bí Ìbídùnní ṣe ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, tó bá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu. Wọ́n ti gbé rédíò, wọ́n ti gbé sítóòfù, wọ́n sì ti kó àpótí aṣọ lọ tòun ti aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń kúrò ní Ìsẹ́yìn. Kódà wọ́n bu gààrí rẹ̀ mu kí wọ́n tó lọ. Abọ́ tí wọ́n fi mu ún wà nílẹ̀ níbẹ̀, gààrí sì ti gbẹ mọ́ ọn. Abọ́ yẹn ló dùn ún ju rédíò lọ.

Alágbàfọ̀ ni Ìbídùnní. Ilé àlejò iléeṣẹ́ kan tó ń la títì ní Garki ló ti ń fọ aṣọ àwọn ẹnjiníà, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń tò ó jọ. Opó ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Kí oòrùn tó yọ ló ń jáde, ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń wọlé. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí títì nínú ilé Àlàájì Bùsàrí, ará Ìlọrin kan tó ti fìdí kalẹ̀ sí Gwagwalada kí ẹnikẹ́ni tó máa dárúkọ olú-ìlú tuntun.

Yàhàyá, mẹ́gàádì ilé àlejò, ló dá ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó máa ń gbìyànjú.

“Kai, màdáámú! Ajá wa bímọ. Mú ọ̀kan. Olè kò wá mọ́.”

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó rí àwọn ọmọ ajá náà lẹ́yìn ilé, pàápàá ọ̀kan pupa tó ní etí dúdú, ẹ̀rín náà dópin, ìrònú sì bẹ̀rẹ̀. Ó wù ú. Ó wù ú gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ẹlẹ́mìí ti sáré jáde pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe àga téèyàn ń gbé kalẹ̀ láàárọ̀, tí yóò bá a níbẹ̀ lálẹ́. Ta ni yóò fún un lóúnjẹ lọ́sàn-án? Ta ni yóò bu omi fún un nígbà tí oòrùn bá ń yan páànù orí ilé? Bó bá so ó mọ́lẹ̀, yóò máa ké títí gbogbo ilé yóò fi máa ṣépè. Bó bá tú u sílẹ̀, àwọn mọ́tò tó ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja kò ní bi í léèrè ẹni tó ni ín. Ó sọ fún Yàhàyá pé òun kò lè mú un, ó sì fi ìbànújẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Fèyí ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí kò sí ohun tí kì í gbé lọ sọ́dọ̀ Fèyí. Ọmọ Kàbbà ni Fèyí, irun ló ń dì, yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ilé náà ló sì ń gbé, níbi tí àwọn oníbàárà ti ní láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́ kí wọ́n tó rí i. Inú àwo kan náà ni òun àti Ìbídùnní ti ń jẹun lọ́jọ́ Sunday. Nígbà tí ibà dá Ìbídùnní dùbúlẹ̀, Fèyí ló wẹ̀ fún un.

“Èmi ńkọ́?” ni Fèyí wí. “Ṣé mi ò sí nílé látàárọ̀ ni? Mú ajá wá, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá ń jẹun, á jẹ. Bí o bá dé, o gba ajá rẹ.”

Bí Ìbídùnní ṣe pinnu nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá, Fèyí fi gbólóhùn bíi mélòó kan tú u palẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àlàájì, Àlàájì sì fàṣẹ sí i, ó ní kìkì kí ajá náà má fẹnu kan bùtá tí òun fi ń ṣe àlùwàlá.

Ó wá ku orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ ilé wa: Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ìyàwó ilé tí orogún ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, tí kò lè fèsì, yóò wá ajá, yóò sọ ọ́ ní Mo-gbọ́-gbogbo-rẹ̀, yóò sì máa pè é lójú agbo. Ẹni tí a ń bá wí yóò gbọ́. Ajá nìkan ni kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi òun ṣe. Ìbídùnní kò ní orogún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí náà ó ní kí Fèyí bá òun wá orúkọ.

“Momọ̀yín,” ni Fèyí wí, kò tilẹ̀ ronú. “Àwọn olè yẹn ni kó o fi kì nílọ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé o ti dá wọn mọ̀. Bí o bá ń wọlé, láti ẹnu ọ̀nà ni kó o ti máa pè é, kó o sì pariwo.”

Orúkọ náà dùn mọ́ Ìbídùnní nínú. Ó ṣe é bí ẹni pé òun náà ti ní agbára díẹ̀ lórí àwọn tó fi abọ́ rẹ̀ mu gààrí. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bó bá ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì báyìí, “Momọ̀yín! Momọ̀yín o!” ló kù. Ajá náà kì í tètè dáhùn, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ìbídùnní rò pé oúnjẹ ló yó.

Nígbà tó ṣe, Àlímátù, ìyàwó Àlàájì, kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Bó bá kúnlẹ̀, Àlímátù á yíjú sí ògiri. Omi tí wọ́n máa ń bá a gbé sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀rọ omi bá yọ, wọn ò gbé e mọ́. Ó bi Fèyí léèrè.

“Ooru ló ń mú un,” ni Fèyí wí. “Má dá a lóhùn. Mo sì gbọ́ pé olè tún jà ní ilé kejì o. Pe ajá rẹ sókè dáadáa.”

Ìbídùnní sì pè é sókè dáadáa.

Ọjọ́ Sunday kan ni Àlàájì ní kí wọ́n pe Ìbídùnní. Ó bá Àlímátù lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

“Ìbídùnní,” ni Àlàájì wí, “ta lo mọ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà?”

“Gbogbo ìrọ̀lẹ́ lò ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà mi pé o mọ̀ wá. Mo ní, kí lo mọ̀?”

Àlímátù kò jẹ́ kó dáhùn. “Yàkúbù àbúrò mi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, àkókò náà lẹ́rù rẹ sọ nù. Ìdí nìyẹn tó o fi ń fi ajá pè wá lólè nínú ilé wa! Wọ́n ti sọ fún wa. Wọ́n ní ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́.”

Ìbídùnní dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tòun. Ó ní àwọn olè tí òun kò mọ̀ ni òun ń bá wí. Ó ní òun kò tilẹ̀ rántí Yàkúbù. “Fèyí ló sọ ọ́ lórúkọ, Àlàájì. Ẹ pè é. Fèyí mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́.”

Wọ́n pe Fèyí. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, kò wo apá ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

“Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí, Àlàájì. Mo ní kó má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Orúkọ yẹn kò ti ẹnu mi jáde rí. Ẹ wò ó.” Ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. “Bíńgò!”

Ajá pupa náà dé kí ó tó pa ẹnu dé. Ó ń ju ìrù, ó fi orí nu ẹsẹ̀ Fèyí.

Ìbídùnní náà pè é. “Momọ̀yín.” Ajá náà gbé etí kan sókè, ó sì dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Fèyí.

Ẹ̀rí wo ló tún kù? Láti ọjọ́ tí ajá ti wọ ilé yẹn ni Fèyí ti ń pè é ní Bíńgò látàárọ̀ dalẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ẹnu Ìbídùnní nìkan ni orúkọ kejì yóò wà. Àlàájì ní kí Ìbídùnní wá ilé sí ibòmíràn kí oṣù tó parí. Ó ní yàrá náà kò ní dá wà, Fèyí ti bẹ òun fún un tipẹ́, kí ó lè máa dìrí níbi tí aráyé yóò ti rí i.

Ìbídùnní kò tilẹ̀ ráyè bínú sí Àlàájì. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọwọ́ tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ fún un nígbà ibà, ọwọ́ yẹn náà ló tì í síta.

Lọ́jọ́ tó ń kó lọ sí Karu, Fèyí fi okùn fa ajá náà jáde lójú gbogbo èèyàn. “Ọ̀rẹ́ mi, mú ajá rẹ dání o. Àárò rẹ á máa sọ ọ́.”

Ìbídùnní gba okùn. Ajá náà ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo Fèyí, ó ń ké. Ìbídùnní fà á títí dé ìdí ọkọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú okùn náà. Kíá ni ajá náà sáré padà sọ́dọ̀ Fèyí.

“Ajá ò ṣẹ̀ mí,” ni Ìbídùnní wí. “Ẹni tó ń rí látàárọ̀ ló mọ̀. Fèyí, èmi ńkọ́? Kí ni mo fi ṣe ọ́? Bí o bá ní kí n fún ọ ní yàrá, ṣé mi ò ní fún ọ ni?”

Fèyí wo ilẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wá wo fèrèsé yàrá iwájú.

“Irin kọ́tìnnì yẹn,” ló wí, “ṣé ò ń mú un lọ, àbí wàá fi sílẹ̀?”

Ìbídùnní ní kó máa lò ó. Ó wọ ọkọ̀. Ó sunkún títí wọ́n fi jáde ní Gwagwalada, kì í ṣe nítorí yàrá, kì í sì í ṣe nítorí ajá.