Labalábá Níbi Tí Bàbá Mi Tọ̀ Sí

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko obì bàbá mi ní Ipara ti gbẹ pátápátá. Mo wá láti Ṣàgámù láti bá wọn ṣa obì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí a ti ń sinmi, bàbá mi yà sẹ́yìn igi kan, wọ́n tọ̀. Wọn ò tíì jókòó padà tí labalábá kan fi bà sójú ibẹ̀, ó ki ẹnu gígùn rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù náà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó la obì mẹ́ta, labalábá ti lé lógún níbẹ̀.

Àyà mi já. Ta ni ò mọ̀ pé bí èèrà bá bo ìtọ̀ èèyàn, àtọ̀gbẹ ló dé? Èèrà nìyẹn o. Kí la wá fẹ́ pe ti labalábá? Nítorí àìsàn yẹn ni wọ́n ṣe gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọn ò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní omi àti iyọ̀ ni labalábá ń wá; ọ̀kan á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ tútù wò, ìyókù á rí i, wọ́n á wá pé lé e. Wọ́n ní èmi ará ìgboro, kí ni mo mọ̀. Mo gbọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ṣọ́ bàbá mi bí ẹni ń ṣọ́ epo lórí iná: ife omi mélòó ni wọ́n mu, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n jáde. Mo kó ṣúgà inú ilé pamọ́. Wọ́n bínú sí mi.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà ká lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ní Ìlíṣàn, bí wọ́n bá máa kọ́kọ́ gún èmi níka. Mo na ìka mi láìronú. Ojú bàbá mi ni mò ń wò. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì gún tiwọn. Ó ní ara wọn dá ṣáṣá. Mo mí kanlẹ̀.

Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá òùngbẹ máa ń gbẹ mí. Mo ní ta ni òùngbẹ kì í gbẹ lásìkò yìí? Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù.

Bàbá mi na ìka wọn padà sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò," ni wọ́n wí. "Bóyá ẹ̀jẹ̀ tèmi lẹ kà sí tiẹ̀."