Erùpẹ̀ Ẹ̀bá Afárá

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni ìjọba dáwọ́ gbígba àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde síṣẹ́ dúró. Bí mo ṣe padà sí Bantẹ̀ nìyẹn, ìlú wa tó wà lódìkejì ẹnubodè Nàìjíríà. Àwọn ará ilé kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ìyá tó bí bàbá mi nìkan ló sọ ọ́ síta, lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìwọ tó o kàwé tán tí o kò ríṣẹ́ ṣe, ṣé ìwé náà kò lè bá mi wá ọkọ mi?"

Kò ṣàwàdà. Nígbà tó ṣì ń pọn bàbá mi ni àwọn òyìnbó kó ọkọ rẹ̀ lọ síṣẹ́ ipá, láti la ọ̀nà gba inú igbó Agua kọjá. Kò padà wá. Ẹnìkan tí wọ́n jọ lọ ló mú ìròyìn wálé pé ibà ló pa á, pé àwọn sin ín sẹ́bàá afárá òkúta kan, àwọn sì ri pèrègún sójú oórì rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Àṣà wa ni pé bí èèyàn bá kú sí àjò tí a kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, a óò bu erùpẹ̀ ojú oórì rẹ̀ wá, a óò sì sin ín sínú ilé bí ẹni sin òkú gan-an. Bàbá mi máa ń sọ pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun á lọ bù ú. Ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, ó ń lọ. Nígbà tí mo fi padà dé, ẹ̀yìn ilé ni a ti sin bàbá mi fúnra rẹ̀ sí.

"Ọmọ ti sùn sílé," ni ìyá àgbà wí. "Bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú igbó."

Ará Nàìjíríà kan tó ń ta epo mọ́tò nínú ìgò lẹ́bàá ọjà ló gbé wa lọ sí Agua lórí alùpùpù rẹ̀, ìyá àgbà láàárín, èmi lẹ́yìn. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Ó ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ pé etí igbó lòun máa dúró sí, pé òun kò ní fọwọ́ kan erùpẹ̀ òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ìyá àgbà ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà láàárín koríko, ó yọ àdá, ó sì bọ́ síwájú.

"Ẹ rọra o, ìyàwó mi. Tí ẹ bá ṣubú, ta ni yóò máa se ọbẹ̀ fún mi?"

"Ará Nàìjíríà, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi wà níwájú níbẹ̀ yẹn."

Ọ̀nà àtijọ́ náà ti di igbó látìgbà tí wọ́n ti la òmíràn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì tẹ́jú láàárín àwọn igi, ó sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ tó yí i ká. Àwọn ará Agua ti sọ fún wa pé afárá mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òkúta. Òpó igi tó ti jẹrà nìkan ló kù níbẹ̀. A kọjá. Òkúta ni èkejì, omi díẹ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó fẹ́ fi di erùpẹ̀. Mo yí ibẹ̀ ká. Àpáta ni bèbè méjèèjì, àdá kò wọlẹ̀ rárá.

"Ìyá, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbẹ́ oórì síbí."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó tún aṣọ náà dì. Inú mi dùn díẹ̀ pé mo rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. A jẹ́ pé ẹ̀kẹta nìyẹn.

Ìdajì afárá kẹta ti wó sínú odò. Lára sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi mọ òkúta tó kù, mo rí ipa ìka èèyàn tó ti gbẹ mọ́ ọn. Mo fi ìka tèmi sínú rẹ̀. Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ìka ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìbá bá a mu.

Ọkùnrin elépo náà ló kọ́kọ́ rí pèrègún. Ó pè wá. Kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá odò, wọ́n ga jù wá lọ, ewé wọn ń kan ara wọn. Pèrègún kì í dá tò báyẹn. Ọwọ́ èèyàn ló rì wọ́n, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá àgbà wò wọ́n títí. "Èwo ni?"

Mo lè nawọ́ sí ọ̀kan. Yóò gbà mí gbọ́.

"Ìyá, n kò mọ̀."

"Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀ jàre," ni ọkùnrin náà wí. "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."

"Tí mo bá wá gbé ọkọ ọlọ́kọ lọ sílé ńkọ́?"

"Ẹ ti di ọlọ́kọ méjì nìyẹn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó kúnlẹ̀ nídìí èyí tó wà níwájú, ó bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀. Ó lọ sídìí èyí tó tẹ̀ lé e.

"Gbogbo wọn ni," ó wí. "Àwọn ìyàwó tiwọn náà dúró dè wọ́n."

Aṣọ rẹ̀ kún kó tó parí. Ọkùnrin elépo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bá a bu èyí tó kù.

Nílé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé wo ẹrù náà. "Èwo ni ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀?" Ó ní òun kò lè sin àwọn tí òun kò mọ ìdílé wọn sínú ilé. Tí èèyàn wọn bá wá wọn wá lọ́jọ́ kan, kí ni òun máa wí? N kò lè sọ pé ó jẹ̀bi.

Ìyá àgbà da erùpẹ̀ náà sínú ìkòkò, ó gbé e síbi ìgbèrí ẹní rẹ̀. Láàárọ̀, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín."

Kò rí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, olórí ilé fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà jáde, ó sì da erùpẹ̀ inú rẹ̀ lé ìyá àgbà lórí nínú sàréè. Ọkùnrin elépo dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Mo ń wo erùpẹ̀ náà bó ṣe ń dà sílẹ̀, mo ń wá ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀.