Ọjọ́ Tí Fóònù Mi Sọ Ẹ̀kọ́ Di Ẹ̀kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní iléèwé wa ní táàmù tó kọjá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, omi ló ń bọ́ lójú mi.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, olùkọ́ orin ni mí. Amukoko ni mò ń gbé, iléèwé aládàáni kan tí kò jìnnà sí Creek Road ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Orin ni gbogbo wọn ń pè mí níbẹ̀, títí kan àwọn òbí. Oríṣiríṣi ọmọ la ní: Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Ẹ̀dó, ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù, ọmọ ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la ní, bọ́tìnnì mẹ́ta lára ẹ̀ kò sì dún mọ́. Ṣùgbọ́n a ń ṣe é.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Mádàámù, ìyẹn ẹni tó ni iléèwé, pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní gbogbo iléèwé tó yí wa ká ló ti ń kọ́ ọmọ ní kódìn, ìyẹn kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, pé píríọ́dù orin méjèèjì làwọn fẹ́ lò fún un. Mo ní, "Mà, èmi ńkọ́?" Wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n ní ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, kí n kọ orin iléèwé tuntun lédè Yorùbá, kí n sì lo tẹkinọ́lọ́jì fún un, kí àwọn òbí lè rí i pé a ò sùn. Bí àwọn òbí bá gba tiẹ̀, orin dúró. Bí wọn ò bá gba tiẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ṣé ẹ rí ayé mi? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, orin kan péré ló máa sọ bóyá ó máa dúró tàbí kò ní dúró.

Mo délé, mo gba áàpù kan sórí fóònù mi. Ṣe lèèyàn máa kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, òun á wá fún un ní ohùn orin, á lu ìlù sí i, á tún fi ohùn èèyàn kọ ọ́ jáde. Mo kọ tèmi sí i báyìí:

Ẹ̀kọ́ la wá gbà,
Ẹ̀kọ́ la ó mú lọ sílé,
Ẹ̀kọ́ wa dùn.

Ẹ̀yin ni mo fi àmì sí i fún níbí; nínú áàpù yẹn, mi ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ o. Ta ló máa ń ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Kò pé ìṣẹ́jú kan tí orin fi jáde, ìlù ẹ̀ sì dùn débi pé mo dìde jó nínú yàrá mi, èmi nìkan. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọjọ́ méjì làwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń kọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ń kọ ọ́ nídìí omi, wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tò lọ sílé. Mádàámù fúnra wọn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní kí n fi rékọ́dù ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn, mo sì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí wọ́n máa ń ti Ajégúnlẹ̀ wá mú ọmọ ọmọ wọn lọ́sàn-án. Àlàájà la máa ń pè wọ́n. Bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe parí ìdánrawò, wọ́n yọjú sí mi lójú fèrèsé. Wọ́n ní, "Àǹtí Orin, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ pín ẹ̀kọ fáwọn ọmọ?"

Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ni mà. Ẹ̀kọ́ ìwé."

Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ẹ̀kọ́ ìwé níbẹ̀, ẹ̀kọ inú ewé làwọn ń gbọ́, pé láti ìjẹta làwọn ti ń retí àkàrà.

Inú bí mi. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ara mi kì í gba irú ẹ̀. Ẹnu mi nìkan ni mo fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, pé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ohùn orin máa ń fa ọ̀rọ̀ síbí fa ọ̀rọ̀ sọ́hùn-ún. Èmi tí mo ní sátífíkéètì orin! Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Wọ́n padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn. "Ó dáa" yẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ní kí àwọn ọmọ Primary 5 ya àwòrán orin wa, ká lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí ni mo máa rí? Ọmọ mẹ́rin péré ló ya ìwé. Ẹ̀kọ làwọn tó kù yà, ẹ̀kọ jíjẹ, nínú ewé. Chidinma, ọmọbìnrin Ìgbò kan tí ohùn ẹ̀ dùn jù nínú kíláàsì yẹn, ya àkàrà méjì mọ́ tiẹ̀, ó sì ya báàgì iléèwé tí ẹ̀kọ ń yọrí níbẹ̀. Mo bi í pé kí lèyí. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò yé e. Ó ní ṣebí ohun tí orin sọ nìyẹn: a wá gba ẹ̀kọ, a máa mú un lọ sílé, ẹ̀kọ wa dùn. Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ yẹn gbà pé wọ́n máa pín ẹ̀kọ fún wọn lọ́jọ́ àwọn òbí.

Mo jókòó. Mo gbé fóònù sétí, mo tún orin yẹn gbọ́ dáadáa. "Kọ́" tó yẹ kó gòkè lọ sí mí, áàpù yẹn dá a dúró sí re. Dò re, dò re, dò re, níbi gbogbo. Ẹ̀kọ ni lóòótọ́. Ẹ ò ní í bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀? Torí pé èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, etí mi wá ń bá mi tún un ṣe bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ni wọn ò ní ohunkóhun lọ́kàn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n gbọ́.

Kí n tó ronú ohun tí mo máa ṣe, Mádàámù ti fi orin yẹn sí gúrúùpù àwọn òbí. Bàbá kan béèrè níbẹ̀ pé ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ni àbí tútù. Ìyá kan ní òun á gbé mọ́ínmọ́ín wá. Gúrúùpù dàrú, ẹ̀rín lọ́tùn-ún lósì.

Mádàámù pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n yọ orin kúrò nínú ètò ọjọ́ náà, kí n sì fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní kọ́kọ́rọ́ yàrá orin tí táàmù bá parí. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n fún mi láyè di Ọjọ́rú, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn òbí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọjọ́rú. Bó bá tún jẹ́ oúnjẹ, má wulẹ̀ wá bá mi."

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ǹṣì Àlàájà. Mo ní kí wọ́n má bínú, ẹnu mi ti yá jù. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wọ kíláàsì.

Mo ní nǹkan mìíràn lórí fóònù, rékọ́dà kan tó máa ń fi ìlà ya ohùn èèyàn. Bí ohùn bá gòkè, ìlà á gòkè. Bó bá wálẹ̀, ìlà á wálẹ̀. Mo ní kí Àlàájà sọ ọ̀rọ̀ orin náà, kí wọ́n má kọ ọ́ lórin, kí wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà yẹn sójú bọ́ọ̀dù: ẹ̀kọ́ la wá gbà, dò mí re mí dò. Mo dúró, mò ń wò ó. Orin ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mo lọ yá òmíràn níta.

Àwọn ọmọ ló wá ṣe èyí tó kù. Chidinma ní ká fa "kọ́" gùn lókè títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òmíràn ní kí "gbà" jábọ́ lójijì. A jiyàn lé e lórí gan-an. Ìlù áàpù yẹn, mo fi í sílẹ̀, torí ìlù ò ṣẹ̀ mí. Ohùn tó ń kọrin níbẹ̀ ni mo pa.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pó ti dára? A dá eré kan sílẹ̀. Ọmọ kan á lọ dúró síta, àwa á fi imú kọ orin, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó wà níta á sọ fún wa bóyá oúnjẹ ni àbí ìwé. Ibi tá a bá a dé ní Ọjọ́rú nìyẹn tí Mádàámù fi wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé Chidinma gbójú sókè, ó ní kí Mádàámù jọ̀ọ́ kí wọ́n bá wa dúró síta? Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mádàámù wo ọmọ yẹn, wọ́n wò mí, wọ́n bá jáde.

A fi imú kọ ti àkọ́kọ́, èyí tí áàpù fún mi. A tún kọ tuntun. La bá gbóhùn Mádàámù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Èkíní, oúnjẹ ni. Èkejì, ìwé ni." Kíláàsì hó yèè. Mádàámù wọlé padà, wọ́n ní ká máa bá a lọ.

Àwọn ọmọ kọ ọ́ lọ́jọ́ àwọn òbí, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Bàbá tó béèrè ẹ̀kọ tútù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Mádàámù sọ ìdájọ́ wọn fún mi: kódìn máa gba píríọ́dù kan, ìkan máa kù fún orin. Mo fẹ́ bá wọn jà lórí èkejì, mo gbé e mì. Ìkan kù. Ó kù.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Chidinma gbé fóònù ìyá ẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ti ní kí ìyá òun pe ìyá wọn àgbà lábúlé, kí màmá náà sọ orúkọ òun, àwọn sì ti rékọ́dù ẹ̀, kí n bá òun wo ìlà ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu arúgbó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tí èmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọdún méjì ni mo ti ń pe ọmọ yẹn. Lójoojúmọ́ ni mo ń pè é lódì, ó sì ń dá mi lóhùn. Mo ní kó tún un tẹ̀. Mo pè é tẹ̀ lé ìyá àgbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Ó ní, "Yes, Ma." Ojú tì mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi látọjọ́ yìí. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń pe òun ní Yorùbá nìyẹn ni.

Ohun tí mo kọ́ nínú ẹ̀ rèé. Mi ò bá áàpù jà, mo ṣì ń lò ó, àná yìí náà ni mo lò ó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sí orin tí mo máa fi kọ́ ọmọ mọ́ tí ẹni tó gbọ́ èdè náà kò ní í kọ́kọ́ bá mi sọ lẹ́nu. Mo sì ti ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì báyìí, mò ń bi àwọn ọmọ bí ìyá wọn ṣe ń pè wọ́n nílé. Irú Chidinma pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orin wo lẹ ti ń kọ látìgbà kékeré kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn kọ́ lẹ ń sọ? Ta ló ń pe orúkọ yín lódì, tẹ́ ẹ kàn ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí orúkọ yín, kí n lè pè é bó ṣe yẹ.