Ohùn Tó Ń Ti Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Bọ̀

Wọ́n la egungun ẹ̀yìn etí mi, wọ́n ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ohùn dókítà dà bí ìgbà tí ènìyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Mo bú sẹ́kún. Síbẹ̀, ohùn ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Oníròyìn ni mí ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìlúpéjú, kí ibà líle kan tó mú ọrùn mi gan, tó sì gba etí mi méjèèjì lọ. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣètò iṣẹ́ abẹ náà. Mo padà dé Surulere pẹ̀lú àpótí kékeré kan ní ìgbànú, wáyà rẹ̀ gba abẹ́ bùbá lọ sí ẹ̀yìn etí.

Ọ̀gá Àlàbá, olóòtú wa, kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí ìwé: “Bíọ́lá, ẹni tí kò gbọ́ ẹlẹ́rìí kò lè jẹ́ oníròyìn. Máa bá wa tún àṣìkọ ṣe ná.” Èmi tí mo ti sáré tẹ̀lé ìròyìn láti Ìdí-Orò dé Ìgánmú, àmì ohùn ni wọ́n wá ní kí n máa ṣọ́!

Dókítà ti kìlọ̀ pé kí ẹnìkan máa bo ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí ojú má baà máa gba iṣẹ́ etí ṣe. Mo bẹ Múfú, ayàwòrán wa, ọmọ Mushin.

“Kí n bo ẹnu bá yín sọ̀rọ̀? Àǹtí, ṣé ẹ ń rùn ni?”

“Dúró sẹ́yìn mi, nígbà náà.”

“Kí n máa ti ẹ̀yìn pe àgbà bí ẹni ń pe ewúrẹ́? Ìyá mi á fọ́ mi létí!”

Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi mọ gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ kejì ló dá ọgbọ́n. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ọwọ́ tó fi dì í mú sì bo ẹnu rẹ̀. Ayàwòrán a máa ti ẹ̀yìn kámẹ́rà pàṣẹ fún ọba, kò sẹ́ni tí í bínú. Lọ́sàn-án gbogbo, a ń jókòó sí àgbàlá ilé iṣẹ́. Kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé tó ń kọjá ń dúró tún irun ṣe. Ìkíni la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó kàn: bó bá kí mi kú ọ̀sán, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà, orúkọ ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà, òfófó ilé iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ìṣó inú agolo di ohùn Múfú.

“Àǹtí, ọ̀gá ń bọ̀.”

Mo yí padà. Lóòótọ́, ọ̀gá ń bọ̀.

Ó ní ààtàn kan ti dí ojú ọ̀nà ní Mushin, alága ìjọba ìbílẹ̀ sì ń lọ wò ó. “Bó o bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé pérépéré, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìkọ ń dúró dè ọ́.”

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù funfun bo imú bo ẹnu. Kò sí ẹnu tí mo lè wò mọ́.

Ìyá àgbà kan ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: “Alága, ṣé à ń rùn ni?” Ẹ̀rín sọ.

Kò mú áńkáṣíìfù náà kúrò. Múfú gbé kámẹ́rà sójú. “Ìbéèrè yín dà, Àǹtí?”

“Ẹ̀yin alága, ìgbà wo lẹ máa kó o?” Mo di ojú. Ohùn alága dí lẹ́yìn áńkáṣíìfù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Nígbà tí à ń padà, mo tún èsì rẹ̀ sọ fún Múfú nínú ọkọ̀. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí.”

Alága ní ọkọ̀ akólẹ̀ yóò dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá Àlàbá ka ìròyìn náà tán, ó ní èmi gan-an ni kí n lọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n wò ó bóyá ọkọ̀ dé.